Ọjọ́ Tí Àpò Iyọ̀ Dí Èbúté

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ìyá mi máa ń mú mi dání lọ sí èbúté kan lẹ́bàá odò Kaduna. Sabon Gari ni a ń gbé nílùú Minna nígbà náà, nínú ilé kan tí àwọn ará Ìlọrin bíi tiwa pọ̀ sí. Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà. Òdìkejì odò ni ọjà tó ti ń ra ẹja náà wà, nítorí náà a ó gun lọ́rì láàárọ̀ kùtùkùtù, a ó gba Kpakungu kọjá, títí a ó fi dé etí omi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kpakungu lónìí pẹ̀lú èrò àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ lè má gbà mí gbọ́ pé oko àgbàdo ni mo mọ ibẹ̀ sí. Bí a bá ti dé etí omi, a ó wọ ọkọ̀ igi tí àwọn Núpé ń fi àjẹ̀ tù sọdá.

Èbúté yẹn kò ju ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ. Àwọn àgbà àdúgbò náà ti to òkúta pẹlẹbẹ sí i láti òkè títí wọ inú omi, kí ẹsẹ̀ má baà máa yọ̀, kí wọ́n sì lè rí ibi fa ọkọ̀ gùn. Ẹrẹ̀ ló wà lọ́tùn-ún, ẹrẹ̀ ló wà lósì. Atukọ̀ o, apẹja o, oníṣòwò o, obìnrin tó wá pọnmi o, ojú ọ̀nà olókùúta kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa jọ ń lò. Ẹ rò ó wò. Bí oníkálukú bá ní ti òun ni yóò ṣẹ, ojoojúmọ́ ni ìjà ì bá máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mọ ìwà hù. Ìyá mi kì í tíì sọ̀kalẹ̀ tán nínú lọ́rì tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn. Yóò kí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe ní "sannu da aiki", ẹ kú iṣẹ́ lédè Hausa, yóò kí atukọ̀, yóò kí àwọn arúgbó tó kàn jókòó tí wọ́n ń wo omi. Bí mo bá fẹ́ sáré kọjá lórí àwọ̀n tí wọ́n sá, yóò fà mí létí. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, yóò dì mí mú títí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò fi bọ́ sílẹ̀ tán. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń bọ̀ lórí omi kò tíì dé ilé, pé àwa tí ẹsẹ̀ wa ti wà lórí ilẹ̀ ló yẹ kó ní sùúrù. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a sì máa ń kó ẹrù wa sí, bí ẹrẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìgbà òjò ni, odò ti kún, omi sì ń ṣàn kíkankíkan. Nígbà tí a dé, a bá lọ́rì àjèjì kan níbẹ̀. Wọ́n ti já àpò iyọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta, wọ́n tò ó láti òkè títí dé ibi tí omi ti ń lá òkúta, kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ sí. Ọkùnrin tó ni ín jókòó sí ẹ̀gbẹ́ lọ́rì rẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀ ńlá tí yóò kó ẹrù náà. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀.

Ibi tí a dúró sí ni a ti rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Atukọ̀ rẹ̀ ń tù ú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó sún mọ́ wa, a rí aboyún kan tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá ọkọ rẹ̀. Atukọ̀ náà ké sí wa pé obìnrin náà ti ń rọbí láti àná, pé agbẹ̀bí abúlé ti ní ó ju agbára òun lọ, pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó wá wo èbúté, ó sì rí i pé kò síbi tí òun lè gúnlẹ̀ sí. Ó ki ọ̀pá bọ omi, ó ń fi gbogbo agbára dá ọkọ̀ náà dúró kí odò má baà gbé wọn lọ.

Ọ̀dọ́ apẹja kan yíjú sí oníyọ̀. Ó ní, "Ṣé baba rẹ ló to òkúta yìí ni? Kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "N kò ní gbé ẹyọ àpò kan. Ṣé ẹ kò rí ojú ọ̀run ni? Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn. Bí mo bá gbé e sínú ẹrẹ̀, tó yọ́, ilé mi ló yọ́ yẹn."

Apẹja náà bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Mo rò pé ìjà ti dé nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń gbọ́ bí obìnrin inú ọkọ̀ ṣe ń kérora.

Ìyá mi sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ bá oníyọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń kí bàbá ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, sannu da hutawa, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọkùnrin náà kò rò pé ẹnikẹ́ni máa kí òun lọ́jọ́ náà. Ó rọra dáhùn. Ìyá mi wá ń fi Hausa bá a sọ̀rọ̀ lọ́rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, iyọ̀ kì í bá omi ṣeré. Ibi gbígbẹ kan ṣoṣo tó wà níbí lẹ kó o sí, bóyá èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan fẹ́ wá sáyé, ìyá rẹ̀ kò sì rí ibi gúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi agbọ̀n mi tẹ́ ilẹ̀ fún iyọ̀ yín."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dojú àwọn òfìfo agbọ̀n ẹja wa dé sínú ẹrẹ̀ níbi ẹ̀gbẹ́, ó tẹ́ ẹní tí a gbé dání lé e. Oníyọ̀ wò ó, ó wo odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò àkọ́kọ́. Apẹja tó fẹ́ jà ló gbé èkejì. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọkùnrin ti ṣù bo ẹrù náà, àpò ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìyá mi wọ inú omi dé orúnkún, òun àti obìnrin méjì mìíràn di imú ọkọ̀ náà mú, wọ́n sì gbé aboyún náà gun òkè.

Oníyọ̀ ló pe dírẹ́bà rẹ̀. Ó ní kó gbé wọn lọ kíákíá, pé òun á dúró ti ẹrù òun. Dírẹ́bà kò mọ Minna, kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn, ni ìyá mi bá wọ iwájú lọ́rì, wọ́n gbé èmi sí ẹ̀yìn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ obìnrin náà. Ìyá arúgbó yẹn di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò fà á yọ. Òjò bá wa lọ́nà. A dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú aṣọ tútù lára, obìnrin náà sì bí ọmọbìnrin kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Tìyátọmọ ló wà láàyè.

Nígbà tí a dé ilé, mo bi ìyá mi pé kí ló dé tó fi kúnlẹ̀ fún ẹni tó jẹ̀bi. Ó ń fún omi aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Bí mo bá jókòó dá a lẹ́jọ́, ta ni yóò gbé àpò?" Ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn fún wa, nítorí a kò dé ọjà. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ló pàtẹ, àwọn oníbàárà sì ń bi í ṣáá pé ẹja dà.

Ìgbà tí a padà dé èbúté ni a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa. Òjò náà pọ̀, oníyọ̀ kò sì ní lọ́rì mọ́ láti sá sí. Àwọn tó ti ń bínú sí i tẹ́lẹ̀ ló sáré wọlé lọ mú tapólì àti awọ màlúù wá. Ọ̀dọ́ apẹja yẹn jókòó sórí tapólì kí afẹ́fẹ́ má baà ká a, òjò sì pa á títí ó fi dá. Àpò díẹ̀ ló tutù nísàlẹ̀, ibi tí àwọn agbọ̀n wa ti wó, ohunkóhun kò ṣe ìyókù. Ọkùnrin náà di ará èbúté láti ọjọ́ náà. Nígbàkigbà tó bá dé, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń já ẹrù sí, yóò sì kí tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Ìyá mi ti lọ sọ́run tipẹ́. Ilé ọmọ mi ní Tayi Village, nílùú Minna kan náà, ni mo ń gbé báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà mí lọ sí etí odò, wọ́n ní kí n lọ gba atẹ́gùn. Mo ti sọ fún wọn pé ìran ni mo máa wò, pé n kò ní wọ ọkọ̀ kankan. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe èbúté báyìí. Ẹ́ńjìnnì ló ń wa ọkọ̀, àwọn èrò sì ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Èyí dára, èyí tí a kò ní láyé tiwa nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan dúró sí ojú ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, wọ́n ń ya fọ́tò, ọkọ̀ kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Inú mi bàjẹ́. Mo ti ń mí kanlẹ̀ láti bá wọn wí, nígbà tí ọmọbìnrin kan láàárín wọn bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ku matsa, mutane za su sauka," pé kí wọ́n sún, àwọn èèyàn fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn sún. Òun àti bàtà rẹ̀ wọ inú omi, ó di ọkọ̀ náà mú títí àwọn èrò fi sọ̀kalẹ̀ tán.

N kò mọ ìyá tó bí i, n kò sì mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnìkan kọ́ ọ. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó wá fà mí dìde, mo fẹ́ wọ ọkọ̀. Ẹnu yà á. Nígbà tí a dé etí omi, ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Mama, a hankali," pé kí n rọra, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀.