Ibi Tí Ìwọ̀n Kò Dé Lára Ọkọ̀ Royce Eudy

Àtẹ́lẹwọ́ ni Verlin Hatley fi ń rí irin. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin kan tẹ́jú, yóò di ojú, yóò fi ọwọ́ òsì pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ bá ti kọsẹ̀ ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ yìí ní agbègbè Stanly, ní North Carolina, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe ọkọ̀ eré ìje bí àwọn ẹlòmíràn ti ń dá oko. Ìyá rẹ̀ ń hun ìbọ̀sẹ̀ nílé iṣẹ́ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Bàbá rẹ̀ ń sin adìẹ. Nínú ilé adìẹ kan tó ti ṣófo ni Verlin ti kọ́kọ́ na irin, tí ìyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù lára iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fi pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kò sí panẹbítà kan ní agbègbè náà tí àwọn tó ni ọkọ̀ ń wá tó o.

Iṣẹ́ ẹ̀tàn ni iṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ eré ìje, sítíkà ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Bí a bá bó awọ gbogbo wọn, egungun páìpù kan náà ni a óò bá nínú wọn. Ojú, èjìká àti ìdí nìkan ni a fi ń mọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ojú àti ìdí yẹn sì ni ilé-iṣẹ́ ń tà fún aráyé. Kí ẹnikẹ́ni má baà yí wọn padà nítorí eré sísá, àwọn olùyẹ̀wò ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí a gé bá ìrísí ọkọ̀ mu, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìwọ̀n. Wọn a gbé ọ̀kan lé ọkọ̀ láti imú dé ìdí, wọn a gbé àwọn yòókù dábùú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín ìwọ̀n àti ara ọkọ̀, ọkọ̀ náà ti padà sílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín ìwọ̀n kan sí òmíràn, àyè wà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀n. Ibẹ̀ ni oko Verlin. Òfin kan ṣoṣo ni àwọn panẹbítà sì ní láàárín ara wọn: ohun tí o bá rí lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, lọ ṣe tìrẹ bẹ́ẹ̀, má sọ fún olùyẹ̀wò.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí Royce Eudy, ọ̀gá Verlin tó ni ọkọ̀, ń bá sá eré gbé ojú tuntun jáde. Ẹnu ọkọ̀ náà gbòòrò, ìdí rẹ̀ ga, ó sì ṣe rogodo. Àwọn ọkùnrin méjì tó wọ táì wá sí gàráàjì Royce, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ojú yìí ṣáájú ní pápá ńlá Alabama, kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí rí i níbi tí wọ́n ti ń tà á. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Royce tu èérún tábà sínú agolo, ó sì fi ẹsẹ̀ ta ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

"Verlin, ìdí ọkọ̀ yìí wú bí ìdí ìyàwó pásítọ̀. Atẹ́gùn ń fà á sẹ́yìn. Kí lo lè ṣe sí i?"

"Kí ni ìwọ̀n sọ?"

"Ìwọ̀n ò lẹ́nu. Ìwọ lo lọ́wọ́."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Verlin fi ṣe é. Ó fa ìhà òsì síta, ó tẹ ìhà ọ̀tún wọlé, ó sì rí i pé gbogbo ibi tí ìwọ̀n bá fara kàn wà bó ṣe yẹ kó wà. Ní ọjọ́ kẹwàá, Ardith, ìyàwó rẹ̀, gbé búrẹ́dì wá fún un, tó há ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí láàárín. Ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó ń wò ó.

"Ó dà bí ẹja tó ń yíra lẹ́nu ìwọ̀," ló wí. "Ṣé bó ṣe yẹ kéèyàn rí i nìyí?"

"Kò yẹ kéèyàn rí i rárá."

Ní Alabama, lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé ìwọ̀n lé e. Ìmọ́lẹ̀ kò yọ níbì kankan. Olùyẹ̀wò lẹ sítíkà mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ara ọkọ̀ náà padà mọ́ títí eré yóò fi parí.

Ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n gbé e jáde fún ìdánrawò. Corbin Tysinger ló wà á, ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó dàgbà ní ojú ọ̀nà kan náà tí Verlin ń gbé. Kò sí ẹni tó sáré tó o láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orí tírélà ni Verlin dúró sí nígbà tí táyà ọkọ̀ náà bẹ́, lẹ́yìn tí Corbin ti dín eré rẹ̀ kù láti wọlé. Ọkọ̀ náà pòòyì, ó ń fi ìdí lọ. Nígbà náà ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò lọ sókè púpọ̀. Ológbò ì bá gba abẹ́ wọn kọjá. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ lójú òfuurufú fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì, wọ́n sì rọra balẹ̀, bí ẹni tó pa ìpinnu dà. Èéfín táyà ni gbogbo ayé ń wò. Verlin nìkan ló rí i.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ohun tí òun fà síta kí atẹ́gùn lè máa tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, bí ọkọ̀ bá kọ ẹ̀yìn síbi tó ń lọ, atẹ́gùn yóò gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, yóò sì gbé e. Ìdajì eré ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tó gbéra yìí. Ní ọjọ́ Àìkú, yóò jẹ́ odidi eré, láàárín ogójì ọkọ̀, àwọn ènìyàn yóò sì jókòó lẹ́yìn wáyà pẹ̀lú àwọn ọmọ lórí itan.

Ó bá Corbin níbi tó ti ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun nínú abọ́ pépà.

"Corbin, ìdí ọkọ̀ yẹn gbéra nílẹ̀."

"Mísítà Verlin! Ọkọ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí eégbọn lára ajá? Iṣẹ́ ọwọ́ yín ló máa sọ mí di èèyàn o."

"Nígbà tó bá kọjú síwájú nìyẹn."

"Ṣé ẹ̀yìn lẹ ti rí mi tí mò ń fi sáré ni?" Corbin rẹ́rìn-ín, ó nu ọbẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má dẹ́rù bà mí. Ìyàwó mi ti gba iṣẹ́ yẹn."

Nígbà tí Verlin lọ bá Royce, òun kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí n wá lọ bá àwọn olùyẹ̀wò, kí n ní ẹ forí jì mí, irọ́ ni ìdí ọkọ̀ mi?"

"Má gbé e jáde ni mo wí."

"Àwọn onítáì ti wọ òtẹ́ẹ̀lì. Táyà ló bẹ́, Verlin. Táyà máa ń bẹ́. Ìwọ, o ti ń darúgbó."

Verlin kò lọ bá àwọn olùyẹ̀wò. Ní òru méjèèjì tó tẹ̀lé e, ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé òun yóò lọ láàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òfin àwọn panẹbítà a tún wúwo lórí ahọ́n rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ọjọ́ eré. Bí wọ́n bá ti ti àwọn ọkọ̀ sórí ìlà, àwọn panẹbítà a máa fara ti ọkọ̀ bí ẹni tó rẹ̀, wọn a fi ìbàdí ti ibí, wọn a fi ìka fa etí irin ọ̀hún síta díẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò a sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí. Nítorí náà kò sí ẹni tó wo Verlin lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó fara ti ìhà òsì ọkọ̀ Corbin. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo fìlà ṣí lórí, gbogbo ojú dì. Verlin fi ìdí rọ́ lu irin náà. Kò mì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é dáadáa jù. Ó yí padà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà kọlù ú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ṣe àmín lọ́wọ́ nígbà tí irin náà ké.

"Verlin!" Ohùn Royce ló kọ́kọ́ jáde.

Corbin ń jà nínú bẹ́líìtì tí wọ́n fi dè é, ó ń pariwo láti ẹ̀yìn àwọ̀n ojú fèrèsé. "Kí lẹ ṣe? Mísítà Verlin, kí lẹ ṣe sí mi?"

"Mo so ọ́ mọ́lẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ẹ ti pa mí! Ẹ ti pa ọkọ̀ mi!"

Royce sún mọ́ ọn débi pé Verlin ń gbóòórùn tábà ẹnu rẹ̀. "Máa lọ. Bí mo bá tún rí ọ ní gàráàjì mi, màá ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀ yẹn." Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí àwọn awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Kò sí àyè láti tún ohunkóhun ṣe.

Ọkọ̀ náà sá eré bí ẹran tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí pápá ká ní ìgbà kọkànlélọ́gọ́ta, ẹnìkan gbá a, ó pòòyì, ó ń fi ìdí lọ nínú èéfín. Verlin, tó ti lọ dúró lẹ́yìn wáyà láàárín àwọn òǹwòran, kò wo nǹkan mìíràn ju táyà lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Ọkọ̀ náà yọ̀ wọ inú koríko, ó dúró. Corbin jáde, ó sì ta ibi tó tẹ̀ náà nípàá lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo kámẹ́rà.

Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Ta ni yóò jẹ́rìí pé ọkọ̀ náà ì bá fò? Ohun tí wọ́n rí ni pé àgbà panẹbítà fi ẹsẹ̀ ba ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ nígbà àdúrà. Kò sí gàráàjì tó gbà á mọ́. Bọ́ńpà ọkọ̀ àwọn aládùúgbò ló wá ń tún ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ kó àwọn òòlù rẹ̀ tó kù lọ́dọ̀ Royce, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán tí ọ̀gá kò sí nílé. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wà nídìí ọkọ̀ náà, ó ń fi pọ́tì dí ojú ibi tí wọ́n fi iná jó irin pọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe èyí, àbí?" ọkùnrin náà wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Inú fọ́tò ni mo ti wò ó. Mo fi fífẹ̀ ìka méjì kún un."

"Ta ló máa wà á?"

"Corbin náà ni, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

Nígbà tó délé, Verlin ṣe ohun tí panẹbítà kan kì í ṣe. Ó pe ilé-iṣẹ́ àwọn olùyẹ̀wò lórí fóònù, ó sì sọ ibi tó yẹ kí wọ́n wò.

"A ó gbé ìwọ̀n lé e bíi ti gbogbo ọkọ̀, sà."

"Ìwọ̀n yín kò dé ibẹ̀."

Verlin gbọ́ tí ẹni tó wà lórí fóònù ń ṣí ìwé. "A ò lè dá ọkọ̀ padà nítorí ibi tí a kì í wọ̀n, sà. Orúkọ wo lẹ ní ẹ ń jẹ́?" Ó ní kó tún un pè. Nígbà tó yá ló ní, "Àá, ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀…" Ohùn rẹ̀ sì yí padà.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ardith kò tan rédíò. Ó gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo sórí tábìlì, wọ́n jókòó tì í, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Tan án," Verlin wí.

"Fún kí ni?"

"Tan án, Ardith."

Ó tan án. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe tò sórí ìlà. Ìlà kìn-ín-ní ni Corbin wà.