Ọjọ́ Tí Atẹ́gùn Kò Fẹ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, atukọ̀ náà ti ń fọwọ́ pa ọkọ̀ rẹ̀ lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ń wá ibi tí pákó ti là, ibi tí èkúté ti jẹ okùn, ibi tí epo ti ń jò. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á rò pé ìfẹ́ ló ní sí ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ló ń jẹ́ kó fọwọ́ pa á.

Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti kú láti bí ọdún méjì. Ti òsì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji, bí ẹni tó ń wo ìta láti ẹ̀yìn gíláàsì tí ooru omi gbígbóná ti bò. Dókítà ojú, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ti sọ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ pé èyí tó ti lọ kò ní í padà, èyí tó kù náà sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n jókòó díẹ̀. Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n ra ọṣẹ ìfọṣọ lójú ọ̀nà, wọ́n lọ sílé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń tukọ̀ níbi tí odò ńlá náà ti ya sí ẹ̀ka-ẹ̀ka kó tó wọ òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó èrò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó wá gbafẹ́, kó gbé wọn la àárín àwọn igi tó na gbòǹgbò sínú omi, kí wọ́n wo ẹyẹ, kí wọ́n jẹun ní etí òkun, kó sì dá wọn padà kí oòrùn tó wọ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyẹn kì í fẹnu kọ́ni. Bó o bá ṣìnà, á gbá ẹ létí, á ká apá rẹ̀, á máa wò ẹ́ títí wàá fi rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí atukọ̀ náà wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ àgbà yangàn fún àwọn èrò, á ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ó ti tó ọdún kan tí wọn ò gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ṣe é rèé. Ìyàwó ló ń jókòó síwájú ọkọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ fún àwọn èrò. Tó bá ní kí wọ́n wo apá ọ̀tún, àwọn èrò á wo ọ̀tún, ọkọ rẹ̀ á sì rọra darí ọkọ̀ sí ọ̀tún. Tó bá ní òsì, òsì náà ni. Nígbà mìíràn, ẹyẹ máa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá sí, á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ ni.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìyàwó náà kò dé ibi tí odò ti ń pín. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti lo ayé rẹ̀, kò dàgbà sórí omi. Gbogbo ẹ̀ka odò jọra lójú rẹ̀ bí ìbejì onílé tí èèyàn ò dé rí. Oríta omi mẹ́rin ló sì wà lójú ọ̀nà náà, ẹni tó bá ṣi èyíkéyìí gbà, inú ẹrẹ̀ ló ń lọ. Nítorí náà ọkọ mú agolo mílíìkì, ó lu ihò sí i, ó so wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta sáàárín ewé ní ẹnu ẹ̀ka tó yẹ kí wọ́n wọ̀, níbi tí ojú kò ti lè tètè rí wọn. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sinmi. Á fẹ́, agolo á máa lu ara wọn, atukọ̀ á tẹ̀lé ohùn wọn. Ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni ìdíwọ́. Tí wọ́n bá ti dé oríta, á pa ẹ́ńjìnnì, ìyàwó rẹ̀ á sì sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé nínú gbogbo ìrìn àjò náà, ibi tí bàbá ti pa ẹ́ńjìnnì ló dùn mọ́ òun jù.

Àwọn atukọ̀ yòókù kúkú rí àwọn agolo náà. Wọ́n bi í, ó ní àdán lòun fi ń lé. Ọjọ́ náà ni ọ̀kan nínú wọn, ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀ kan báyìí, sọ ọ́ ní Bàbá Alágolo. Láràárọ̀ ló máa ń bi í bóyá àwọn àdán ti kó lọ tán àbí wọ́n ṣì ń di ẹrù. Alágolo náà á ní ó ku ìyá wọn àgbà, pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọn kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin ni, òun ló ni gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté náà. Ní oṣù tó kọjá, Alágolo fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha igi, pákó kan sì là. Ọ̀gá pè é. Ó ní òun kì í pariwo lé àgbàlagbà lórí, ṣùgbọ́n tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Alágolo ní kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ nílé, ìyàwó rẹ̀ ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, nítorí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà, ọkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ó feyín já òwú.

"Ká fọwọ́ ara wa gbé e sílẹ̀, Bàbá ọmọ mi," ó ní. "Ẹnì kankan ò tíì kú."

"Tí mo bá gbé e sílẹ̀, kí ni mo wá jẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ mú bọ́tìnnì mìíràn.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, èrò mẹ́fà ló wọkọ̀. Tọkọtìyàwó tuntun kan wà níbẹ̀, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí ọ̀kan gbé. Ọkùnrin kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ń jiyàn lórí ẹni tó gbàgbé fìlà kejì sílé. Olùkọ́ àgbà kan, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sẹ́yìn pátápátá nítòsí atukọ̀. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí. Èyí ẹ̀gbọ́n ní òun ò rí irú ọjọ́ tó dára báyìí rí. Alágolo gbójú sókè, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá atẹ́gùn. Kò rí i.

Ó yẹ kó ní kí wọ́n dúró. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dúró lórí pákó èbúté, ó ń ka orí àwọn èrò, ìyàwó rẹ̀ sì ti rọra sọ fún un pé ọ̀gá ń wò wọ́n. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì.

Oríta kìíní, orí ló fi gbà á. Ó ti mọ iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín èbúté sí ibẹ̀, ó kà á, ó yà, ó bọ́ sí i. Ní èkejì, orí kó o yọ. Ọkọ̀ apẹja kan ń jáde bọ̀ láti ẹ̀ka tó yẹ kí wọ́n wọ̀, Alágolo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó forí lé e. Ìyàwó rẹ̀ ń wẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tó ní kí wọ́n wo òsì, oníkámẹ́rà ní òun ò rí nǹkan kan, pé láti àárọ̀, gbogbo ẹyẹ tí màmá yìí ń fi hàn wọ́n ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ, àfi bí ẹyẹ ibí bá ń tijú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní oríta kẹta, Alágolo pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ewé kan kò mì. Omi ń kán láti ara ẹ́ńjìnnì, ó kán, ó kán, ó dá. Ìyàwó ọ̀ṣìngín gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. Oníkámẹ́rà pàápàá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Alágolo na etí. Ó nà án títí ọrùn fi ń dùn ún. Níbì kan láàárín ewé, agolo mẹ́ta rọ̀ jọwọlọ, wọ́n panu mọ́.

"Àlàáfíà rèé," èyí àbúrò wí jẹ́jẹ́.

Omi ti ń fà padà sókun. Alágolo ń gbọ́ ọ lára ọkọ̀, bó ṣe ń wọ́ wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò lè dúró síbẹ̀, kò sì lè bi ìyàwó rẹ̀ léèrè níṣojú èrò. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ ọ̀tún, kò sọ òsì. Òun náà ò mọ̀. Alágolo fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó yàn.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rírọ̀ ni, bí ẹni ń nu tábìlì. Ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Ó gbìyànjú láti fẹ̀yìn rìn, ẹ́ńjìnnì ń da ẹrẹ̀ dúdú sókè, òórùn rẹ̀ gba ibẹ̀ kan. Ó fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ kó lè ti ọkọ̀ kúrò, ọ̀pá wọlé, ó kọ̀ kò jáde. Omi sì ń lọ. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi wà lórí ẹrẹ̀ gbalasa, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí arúgbó tó fi ìdí kan jókòó. Àfi kí wọ́n dúró títí omi yóò fi padà, ìyẹn á sì tó wákàtí mẹ́fà. Wọ́n yọ fóònù, kò sí èyí tó wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ sa ipá rẹ̀. Ó ní ibí yìí làwọn máa ń dúró sí kí èrò lè wo akàn. Akàn sì jáde lóòótọ́, wọ́n pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ, ọwọ́ kan tóbi ju èkejì lọ. Oníkámẹ́rà ya wọ́n títí ó fi sú u. Nígbà tó tó wákàtí kan, kò sẹ́ni tó tún gba màmá gbọ́ mọ́. Omi mímu ń tán lọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń gba fìlà kan ṣoṣo lórí ara wọn láìsọ̀rọ̀. Ọkọ ìyàwó tuntun ní òun á ti ọkọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó rì dé itan, okùn ni wọ́n fi fà á sókè, bàtà rẹ̀ kan kò sì bá a bọ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́, ó wá di ẹkún.

Olùkọ́ àgbà kò tíì sọ ohunkóhun láti àárọ̀. Ó na ìgò omi rẹ̀ sí atukọ̀.

"Ẹ gba omi, Bàbá."

Alágolo nawọ́ síbi tí ohùn náà ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Obìnrin náà kò gbé ìgò náà kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ padà bọ̀, ó ń wá a, ó kàn án. Olùkọ́ jẹ́ kó mu tán.

"Ẹ ò ríran," ó ní.

"Mo ń rí díẹ̀."

"Ẹ sì kó wa wọ inú omi."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Olùkọ́ wá ní ọdún tí òun lò kẹ́yìn nínú iṣẹ́, òun ò gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ mọ́. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun á bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ṣùgbọ́n etí tèmi ò lè ri èèyàn sómi, Bàbá."

Alágolo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má sọ fún ọ̀gá, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń bẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò gùn, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ láti iwájú, ó yíjú sí odò.

"Ẹ má jẹ́ kí n ṣèlérí fún yín," olùkọ́ wí. "Mi ò ní í mú un ṣẹ."

Ọ̀sán ń rọ̀ nígbà tí omi padà. Alásè tó ń retí wọn ní etí òkun ti tẹ ọ̀gá láago, ọ̀gá sì ti rán ọkọ̀ mìíràn jáde pé kó wá wọn kiri. Ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀ tó sọ ọ́ ní Alágolo ló wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ju okùn sí wọn. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ kú ewu, Bàbá." Alágolo ń dúró kó béèrè àdán. Kò béèrè. Bó ṣe wọ́ wọn dé èbúté, kò dá àpárá kan.

Àwọn èrò ló kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì. Alágolo àti ìyàwó rẹ̀ dúró níta, wọ́n ń gbọ́ ohùn oníkámẹ́rà láti ojú fèrèsé. Olùkọ́ àgbà ló jáde kẹ́yìn. Bó ṣe ń kọjá, ó fọwọ́ kan apá Alágolo, kò sì dúró.

Ọ̀gá ní kó wọlé. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Láti ọdún tí wọ́n ti mọra, kò fún un ní àga rí. Fáànù ara ògiri ń yí, ó ń dún gìẹ̀ gìẹ̀. Ọ̀gá béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún òun.

"Kí lẹ̀ bá ṣe?" Alágolo bi í.

Ọ̀gá rò ó. "Ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí náà ni," ó ní.

Ó mú bébà kan jáde, ó kà á sí i létí: ọkọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì kan, ìdákọ̀ró kan, jákẹ́ẹ̀tì ojú omi mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ọ̀gá láti òní lọ. Ó fi bírò sí i lọ́wọ́, ó fi ìka rẹ̀ síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí. Alágolo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀. Ó dé ìdajì nígbà tó mọ̀ pé ẹnu bírò ti kúrò lórí bébà, pé ojú pákó tábìlì ló ń ha. Kò dúró. Ó kọ ọ́ parí síbẹ̀.

Ọ̀gá fa bébà náà sọ́dọ̀.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ lọ sinmi."

Ìyàwó rẹ̀ wá dì í lápá mú ní ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn kan wà níwájú ọ́fíìsì náà, pákó lásán, Alágolo fúnra rẹ̀ ló kàn án ní ọdún tí wọ́n kọ́ ibẹ̀.

"Mẹ́ta ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ rọra."

Alágolo jẹ́ kó kà wọ́n fún òun, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹsẹ̀ wọn fi kan ilẹ̀.