Àwọn Ìlà Tó Ń Sá Lọ Sápá Ọ̀tún

Iṣẹ́ táìpù ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, òun náà ni mo ṣì ń ṣe títí mo fi di ìyá àgbà. Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ ní ìyẹn ò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. "Ohun tí oníbàárà bá kọ ni kí o tẹ̀. Bó bá ta epo sí i, má fo epo náà láìbi mí." Àtàǹpàkò òsì ni wọ́n ní kí n máa fi tẹ àlàfo, bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ tó ń fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀. Títí dòní, àtàǹpàkò yẹn kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, Fẹ́mi, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ parí ìwé rẹ̀, sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbowó. Tíì ti dà sínú kọ̀ńpútà rẹ̀, ó sì ti kú pátápátá. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, àwọn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ńpútà, kù sórí bébà nìkan. Tí kò bá ṣiṣẹ́ lójú olùkọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, ọdún kan mìíràn ló máa lò sí i. Kò yára ní títẹ̀, ló bá ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àlàfo tó wà níwájú ìlà ṣe pàtàkì o. Bó bá yẹ̀ báyìí, kò ní ṣiṣẹ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní àlàfo?"

Fẹ́mi ṣí ètò tí wọ́n fi ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ńpútà mi, mo bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìíní dáa. Ìkejì wọlé díẹ̀ ju bó ṣe wà nínú bébà lọ. Ìkẹta wọlé jù. Kí n tó dé ìdajì ojú ìwé, ọ̀rọ̀ ti ń rìn lọ sápá ọ̀tún bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, ó tún sá lọ. Fẹ́mi ní iná ló pọ̀ jù. A tan jẹnẹrétọ̀, ó tún ń sá. Mo yí ojú kọ̀ńpútà sápá òsì, bóyá yóò tijú padà.

Bàbá Ṣakí, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ wa, gbọ́ ariwo, wọ́n wọlé. Wọ́n di ojú kan, wọ́n wo tábìlì.

"Ìyá Táìpù, tábìlì yín ló fì sọ́tùn-ún. Kí lẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣe? Kó dúró?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ inú kọ̀ńpútà kì í yọ̀," ni Fẹ́mi wí.

"Ìwọ tó mọ̀wé, ṣé ó dúró fún ẹ?"

Fẹ́mi wo aago. "Ẹ bá wa gbé e sókè, sà."

Bàbá Ṣakí wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú igi. Tábìlì ń mì. "Ẹ dì í mú o!" Mo fi ọwọ́ òsì dì í mú. Fẹ́mi ní kí n má dúró, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀, mo ń tiraka tẹ̀ ẹ́. Ti iwájú ìlà, mo fi í sílẹ̀ ná títí ọwọ́ òsì yóò fi ráyè.

Àfi bí ìlà ṣe ń tò fúnra wọn! Èyí tó yẹ kó wọlé ń wọlé, ó ń dúró síbi tó yẹ. Èyí tó yẹ kó padà síta nìkan ni mò ń fi bọ́tìnnì ìparẹ́ fà padà.

"Ó ti tẹ́jú!" Bàbá Ṣakí kígbe lábẹ́ tábìlì.

Fẹ́mi ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, èmi di tábìlì mú, bàbá lúgọ sábẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Fẹ́mi pè mí lórí fóònù: "Màmá, ó ṣiṣẹ́! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá onítábìlì!"

Nígbà tí irú iṣẹ́ yẹn tún dé, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ìlà tún ń sá. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀kalẹ̀ tó ń múni bọ́ sí ìlà tuntun nìkan, mo ń wò ó. N ò tíì tẹ àlàfo kankan, àmì tó ń ṣẹ́jú níbi tí ọ̀rọ̀ máa bọ́ sí ti wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ń fi àlàfo sí i, èmi náà ń fi sí i, bí ìyàwó méjì tó ń bu iyọ̀ sí ìkòkò kan. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ ti ṣe, kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

Ṣùgbọ́n igi ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Tábìlì tó ti tẹ́jú kí igi yẹn tó débẹ̀ ti wá fì sósì, gbogbo báírò tí mo bá gbé lé e ló ń yí bọ́ sílẹ̀. Bàbá Ṣakí kì í kọjá kí wọ́n má yọjú.

"Ìyá Táìpù, ṣé ọ̀rọ̀ ò yọ̀ mọ́?"

"Kò yọ̀ mọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

Màá dúró kí wọ́n kọjá tán, kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa báírò mi.