Dádì Inú Fóònù

Ẹni tó bá rí ọkùnrin yìí lórí tírélà yóò sọ pé kò sí ohun tó lè dẹ́rù bà á láyé. Ó ń gbé sìmẹ́ǹtì, ó ń gbé pákó, ó ń gbé ohunkóhun tí wọ́n bá ti so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, láti ìlú kan dé ìlú kejì, nínú òjò, nínú oòrùn. Má-Dúró ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bí ó bá ti gbéra, ó di ibi tó ń lọ. Kì í yà ra omi, kì í yà kí ènìyàn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú nítorí ìwà yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní ìsinmi rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì wò ó lójú, ó figbe ta, ó sì sá sẹ́yìn aṣọ ìyá rẹ̀. Ọmọ Má-Dúró fúnra rẹ̀ ni.

Ká má purọ́, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ. Nígbà tí wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó hu eyín, bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó dìde rìn, tó ṣubú, tó tún dìde, ojú ọ̀nà náà ni bàbá wà. Bí ó bá ráàyè yà sílé, ọmọ á ti sùn. Kí ọmọ tó jí, ó ti lọ. Fóònù nìkan ló ń so wọ́n pọ̀. Fóònù ọ̀hún kì í sì í ṣe irú èyí tó ń gbé àwòrán ènìyàn jáde; kékeré dúdú kan ni, ohùn lásán ló mọ̀ ọ́n gbé. Ìyàwó Má-Dúró ń ránṣọ ní iwájú ilé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti da nǹkan bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, fóònù á dún, ìyá á sì ké sí ọmọ pé, "Dádì ń pè o!"

Ọmọ á sáré dé. Ìyá Kékeré ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó ti kéré tó, ó máa ń di ọwọ́ sẹ́yìn rìn káàkiri ilé bí ẹni tó ń wo ibi tí wọn kò gbá dáadáa. Á gba fóònù, á fi mọ́ etí. Bàbá á fi ẹnu fọn fèrè tírélà láti ojú ọ̀nà: "Pòòòò!" Ìyá Kékeré á rẹ́rìn-ín títí á fi fìdí jókòó. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, á fẹnu ko fóònù lẹ́nu, á tẹ́ aṣọ fún un, á bò ó, á ní, "Dádì, sùn." Nígbà mìíràn á fọ́ bisikíìtì sí ojú ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀, kí Dádì má baà febi sùn. Ìyá rẹ̀ á ròyìn rẹ̀ fún bàbá, àwọn méjèèjì á fi ṣe ẹ̀rín rín. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín náà ti ń ta gbòǹgbò. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ yìí kò rí ojú kankan ní tirẹ̀.

Ìgbà ooru dé, ilé iṣẹ́ fún Má-Dúró ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn tí ọmọ ti sunkún tán, bàbá jókòó sórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́. Ìyá Kékeré ní tirẹ̀ gbé fóònù, ó fi mọ́ etí, ó dúró. Fóònù kò sọ̀rọ̀. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó pè é: "Dádì? Dádì?"

"Dádì rèé," ìyá rẹ̀ ní, ó nawọ́ sí ẹni tó wà lórí àga.

Ìyá Kékeré wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀. Ó mi orí. "Rárá," ló wí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lọ sí yàrá kejì.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ọkọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti ọkọ kò dé inú.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ìṣeré. Ìyàwó ní òun fẹ́ lọ ra áìsì kirimù, Má-Dúró sì rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Ó gbé ọmọ sórí jangirọ́fà. Ọmọ ké. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Igbe yẹn tún wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Dádì! Dádì o!" ni ọmọ ń ké, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà ibi tí ìyá rẹ̀ gbé báàgì lọ, nítorí inú báàgì ni fóònù wà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú. Ọlọ́dẹ ọgbà rọra súnmọ́ wọn, ó di kóńdó rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta lẹ gbé dání yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ ni? Bàbá rẹ̀ ló ń pè."

"Èmi náà ni bàbá tó ń pè!"

"Dádì!" ni ọmọ tún ké, ó sì nawọ́ sí ọ̀ọ́kán. Ọlọ́dẹ wo ọ̀ọ́kán, ó wo Má-Dúró, ó ní kó rọra gbé ọmọ náà sílẹ̀ ná. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó tó sáré dé, tí áìsì kirimù ń kán sí i lápá.

"Ọkọ mi ni, sà. Ẹ má bínú. Wọn kì í sábà ríra wọn ni."

Ọlọ́dẹ tọrọ àforíjì, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ yẹn, kò fi gún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wọ ọkọ rẹ̀ lákínyẹmí ara. Wọ́n kọrí sílé.

"Kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́," ló wá ní, "ọmọ yìí gbọ́dọ̀ pè mí ní Dádì. Bí kò bá pè mí, mi ò mọ nǹkan tí mò ń wakọ̀ kiri fún."

"Ọmọdé ni, Dádì. Ẹ rọra."

Rọra kẹ̀! Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Má-Dúró? Ó yá ọkọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, ó ní etí òkun ló kàn. Ó ti gbọ́ pé kò sí ọmọ tí kì í fẹ́ yanrìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ lórí tírélà, tírélà náà ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, á kọ́kọ́ fẹ̀ sí òsì bí ẹni tó ń fa ẹrù gbọọrọ lẹ́yìn.

"Dádì, ẹ wẹ̀yìn," ìyàwó ní. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Àwa mẹ́ta náà la wà ńbí."

Èyí tó burú jù ni pé kò dúró. Ìyá Kékeré ní, "Màmá, ìtọ̀." Bàbá ní wọ́n máa tó débẹ̀. Ó tún ní, "Ìtọ̀!" Bàbá ní ó ku díẹ̀. Díẹ̀ náà kò tán títí omi fi gba orí àga lọ sílẹ̀. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, sùúrù rẹ̀ sì tán.

"Ṣé ẹ̀ ń gbé sìmẹ́ǹtì ni? Ènìyàn lẹ gbé o! Ènìyàn máa ń tọ̀!"

Ojú tì í. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ nu orí àga. Ìyá Kékeré dúró ní ìhòòhò lórí koríko, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó bóyá ibẹ̀ mọ́.

Ilé ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n wọ̀ sí, tó ń fi yàrá gba àlejò nítòsí òkun. Yàrá náà kò tóbi: ibùsùn kan, àga kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, ilẹ̀kùn tó ń han bí wọ́n bá ṣí i. Etí òkun dára, yanrìn wà, ọmọ sì fẹ́ yanrìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Bí bàbá bá fi yanrìn mọ ilé, Ìyá Kékeré á dé, á fẹsẹ̀ tú u, á padà síbi tó ti wá. Bí ó bá ra bọ́ọ̀lù, á gba bọ́ọ̀lù, á kọ ẹni tó rà á. Ọjọ́ ń lọ. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ọmọ á tún gbé fóònù, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀.

Ìbínú wọ inú Má-Dúró. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń jowú fóònù! Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó gbé fóònù náà, ó fi í sábẹ́ aṣọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rò pé bí èyí tó ń bá òun du ipò bá ti kúrò lọ́nà, ipò náà á kan òun.

Ìyá Kékeré wá fóònù lábẹ́ ibùsùn. Ó wá a nínú bàtà. Ó wá a nínú garawa yanrìn. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé, ó gbé ojú kúrò, ó wá fi ara ti ògiri, ó sunkún láìpariwo, irú èyí tí ọmọdé kì í sábà sun. Ìyàwó tú báàgì títí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Má-Dúró ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níkẹyìn ó dìde, ó gbé fóònù sọ̀kalẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Ìyá onílé tó wá kó abọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "o jí bàbá ọmọ gbé pamọ́, o wá jókòó tì í, o ní kó máa pè ọ́ ní bàbá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

"Màmá, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ọmọ mi. Ẹni tí ọmọ fẹ́ràn lo fẹ́ lé lọ. Ìwọ náà kọ́ ni?"

Ìyàwó yíjú sógiri kí wọ́n má rí ẹ̀rín rẹ̀ lórí àmúkùrù. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dúró sí ọkàn ọkọ rẹ̀. Òun náà kọ́ ni? Òun náà kúkú ni. Ó mú fóònù tirẹ̀ lápò, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó pè.

Ó gbọ́ bí fóònù ṣe ń dún nínú yàrá. Ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti yé: "Dádì ń pè o!" Ó gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré.

"Pòòòò!" ó ní.

Ẹ̀rín bẹ́ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Má-Dúró tún fọn ọ́n, inú yàrá tún dákẹ́ sí i, nítorí pé ohùn Dádì ti wá di méjì: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan lẹ́yìn pákó. Má-Dúró fi ìka kan ilẹ̀kùn, kó, kó. Láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní òdì kejì, ọwọ́ kékeré kan dá a lóhùn. Ìyàwó fa ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ó han.

Ìyá Kékeré dúró pẹ̀lú fóònù létí. Bàbá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú kan ojú.

"Ìyá Kékeré," ó ní jẹ́jẹ́, "kí lo jẹ lónìí?"

Ọmọ wo fóònù. Ó wo ẹnu náà. Àwọn fóònù méjèèjì súnmọ́ra jù, wọ́n han fíìn, ọmọ fi ìbínú ju tirẹ̀ sílẹ̀. Ó súnmọ́ bàbá, ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Má-Dúró kò mira. Nígbà tí ìka náà jáde, ó ní, "Pòòò," wẹ́rẹ́.

"Dádì," ọmọ wí, bí ẹni tó rí nǹkan he. Lẹ́yìn náà ó pariwo rẹ̀ sí ìyá rẹ̀: "Màmá! Dádì!"

Má-Dúró sunkún, kò sì wá ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí. Láti ọ̀sán yẹn lọ, Ìyá Kékeré kò jẹ́ kó ráyè mọ́. Orí ejìká bàbá ló ti ń wo òkun, ẹsẹ̀ bàbá ló fi ń ṣe ìrọ̀rí. Bí bàbá bá wọ ilé ìwẹ̀, á dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, á máa kàn án, àfi bí wọ́n bá fọn "Pòòò" fún un láti inú. Nígbà tí wọ́n ń padà, Má-Dúró dúró lójú ọ̀nà ní ibi gbogbo tí koríko bá ti dára.

Ìsinmi parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ó lọ nígbà tí ọmọ ń sùn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń lọ. Ó wakọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọ̀hún bí ẹni tí wọ́n fi oyin pa lẹ́nu, ó ń rò bí ìpè ìrọ̀lẹ́ yóò ṣe dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nísinsìnyí tí ọmọ ti mọ ẹni tó ń pè é. Nígbà tó yá, ó pa tírélà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pè.

"Dádì ń pè o!" ó gbọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Pòòòò!"

Kò gbọ́ ẹ̀rín. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé fóònù kalẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lọ. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun kan láti òkèèrè, kó, kó, kó.

"Kí ló ń ṣe?" ó bèèrè nígbà tí ìyàwó gbé fóònù.

"Ó ń kan ilẹ̀kùn," ó ní. "Ó ní ẹ wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Ṣí i fún un. Jẹ́ kó rí i pé mi ò sí níbẹ̀."

"Mo ti ṣí i, Dádì. Ó wò ó, ó tì í padà, ó tún ń kàn án."

Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Má-Dúró. Ó fi fóònù mọ́ etí, ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀kùn.