Ọ̀dà tí Pak Kasno Kùn Gbẹ̀yìn

Bí ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, tí ẹ gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti mọ́?", ẹ má wulẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Èsì kan náà ni ọkùnrin náà ń fún un láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n: "Ó ku díẹ̀." Bu Warsini ló ń bèèrè, Pak Kasno ọkọ rẹ̀ ló ń dáhùn ("Bu" ni à ń fi pe ìyá níbí, "Pak" ni bàbá), ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ aláwọ̀ ojú sánmà tó wà níwájú ilé wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni àwa níbí ń pe irú ọkọ̀ yẹn, nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta.

Agbẹ̀bí ni Bu Warsini kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń sáré kiri gbogbo abúlé tó wà nísàlẹ̀ Merapi, òkè wa tó máa ń yọ iná, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀, iṣẹ́ kíkun ọkọ̀ lọ́dà ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́ náà débi pé àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ wọn láti ìlú Solo wá bá a. Ìgbà tó yá ni dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń lọ, pé kò sóhun tí wọ́n lè rí ṣe sí i mọ́. Pak Kasno ò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ti ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kan irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Nígbà tí ọ̀dà yẹn gbẹ, ó ṣì ń rí àwọ̀ rẹ̀ fírífírí. Kò pẹ́ sígbà náà tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lójú pátápátá. Ẹ wá rí i pé ọ̀dà yẹn kì í ṣe ọ̀dà lásán lójú Bu Warsini. Òun ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fojú rí kẹ́yìn.

Bí obìnrin náà ṣe ń fọ ọkọ̀ náà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pa á. Omi ló máa kọ́kọ́ dà sí i lára, omi púpọ̀, láìfọwọ́ kàn án, títí ìdọ̀tí á fi ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Báàkẹ́tì ọṣẹ wà lọ́tọ̀, báàkẹ́tì tó ń ṣan aṣọ sí wà lọ́tọ̀. Láti orí ló ti ń bọ̀ wálẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló fi ń fọ etí iná. Aṣọ tó bá já bọ́ sílẹ̀, kò tún gbọ́dọ̀ kan ọkọ̀ náà mọ́ láé.

"Bu, ṣé ọmọ tuntun lẹ̀ ń wẹ̀ ni?" Pak Tugimin tó jẹ́ olórí àdúgbò máa ń bi í.

"Ọmọ tuntun máa ń ké bí wọ́n bá ṣe é níkà. Èyí ò lè ké. Ẹ bá tiyín lọ."

Bó bá nù ún gbẹ tán, Pak Kasno á jáde, á ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á máa fi pa ọkọ̀ náà lára. Ọ̀rá yẹn máa ń jẹ́ kó mọ ibi tí ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo bá fara pamọ́ sí. "Ó ku díẹ̀," á wí, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọ̀tún." Bu Warsini á kùn, á ṣépè fún iná ọ̀tún, á sì padà lọ fọ̀ ọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ratri, ọmọ ilé kejì sí wọn, fẹ́ ṣègbéyàwó. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni wọ́n bí Ratri sí, lójú ọ̀nà ọsibítù, nínú òjò, tí Bu Warsini ń gbẹ̀bí, tí Pak Kasno sì ń wa ọkọ̀ lọ. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ náà ló máa gbé òun lọ síbi ìgbéyàwó òun. Bu Warsini ti ṣèlérí fún un, ọjọ́ Sọ́ńdè ni ìgbéyàwó sì bọ́ sí.

Àárọ̀ Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn ni òkè Merapi wúkọ́. Kó tó di ọ̀sán, eérú ti bo gbogbo nǹkan. Bu Warsini gbé tapólì jáde láti fi bo ọkọ̀ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀, ó wo kànga tó wà láàárín àdúgbò, tí gbogbo wa ń pọn mu, tí kò ní ìdérí. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó sì sáré lọ fi tapólì bo kànga. Ọkàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dà rú nípa ọkọ̀. Eérú òkè kì í ṣe eruku, òkúta tó lọ̀ kúnná ni, ó mú bí àfọ́kù ìgò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ò bá ti fọwọ́ kàn án, omi á gbé e lọ. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn abúlé láti bá wọn tọ́jú àwọn arúgbó tí eérú ń há láyà.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, Pak Tugimin pe gbogbo àdúgbò jáde fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Níbí, a kì í bi ara wa bóyá a fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Bí a bá ti rí iṣẹ́ níwájú ilé rẹ, a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí o bá sì kọ̀, ìwọ lo tàbùkù wa. A gbá títì tán, a gbá orí òrùlé tán, ni Pak Tugimin bá dúró níwájú ọ̀pọ̀lọ́.

"Obìnrin yìí fi aṣọ ọkọ̀ rẹ̀ bo kànga wa," ó ní. "Ṣé ó máa wá dé, kó bá ọkọ̀ rẹ̀ nínú eérú?"

Ta ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni? A kó àkísà, a tẹ̀ ẹ́ bọ omi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára nù ún. Inú wa ń dùn. Pak Kasno ń gbọ́ ẹ̀rín wa látinú ilé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ní kó jókòó nítorí eérú, ó rò pé a ti kọ́kọ́ da omi sí i.

Nígbà tí Bu Warsini dé láti ilé ìwòsàn, a tò síwájú ọkọ̀ náà, ife tíì lọ́wọ́ oníkálukú, à ń retí ọpẹ́. Omi ò tíì gbẹ lára rẹ̀, ó ń dán. Bó ṣe ń gbẹ ni obìnrin náà ń rí i. Ara ọkọ̀ ti ha, ó ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi sáńpépà fọ̀ ọ́. Ìlà gígùn kan sì gba àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá, ó jìn. Inú rẹ̀ bà jẹ́. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó wọlé, ó jókòó ti ìkòkò ìrẹsì, ó sì sunkún.

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́ tán?" Pak Kasno bèèrè. "Mú mi lọ, jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, Pak."

"Nínú oòrùn yìí? Ó ti gbẹ."

Ó mú un lọ́wọ́ jáde, ó rọra fà á lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tó kọjú sí ògiri, tí ọwọ́ wa ò dé. Pak Kasno fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Warsini, ìdí ọkọ̀ lo gbé mi wá. Mú mi lọ síwájú."

Kò sóhun tó kù tó lè ṣe. Ó mú un lọ. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ bèèrè ọ̀rá. Àwa tá a dúró ti ife tíì wa rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu wa.

"Ta ló nù ún?"

"Gbogbo àdúgbò," Bu Warsini dáhùn. "Wọn ò kọ́kọ́ da omi sí i. Ẹ má bínú, Pak. Èmi ni mo gbé tapólì lọ síbòmíràn." Omijé ti ń dà lójú rẹ̀ níwájú wa, kò sì fi pa mọ́ mọ́.

"Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí," ni Pak Tugimin sọ. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Èmi ni mo ní ká nù ún."

Pak Kasno fi èékánná tọ ìlà kan, ó tọ òmíràn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mò ń kùn ún," ó ní, "mo mọ̀ pé mi ò ní kun òmíràn mọ́. Mo sì mọ ẹni tí mo fẹ́. Mo ní obìnrin yìí á fọ ọkọ̀ yìí títí ọ̀dà á fi bó lára rẹ̀. Mo kùn ún, mo tún kùn ún lé e, títí ọ̀dà fi tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ó nípọn, Warsini. Ìwọ ni mo kùn ún dè. Ẹ lọ wá pọ́líṣì ọkọ̀ wá, ká fi ha òkè rẹ̀ tó ti bà jẹ́ kúrò."

Ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa padà wá, ṣùgbọ́n Bu Warsini ni ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Inú kànga tó bò la ti ń pọn omi tó mọ́ gaara, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń dà á. Lẹ́yìn náà ló pín aṣọ rírọ̀ àti pọ́líṣì fún wa.

"Rọra, Pak Tugimin. Kì í ṣe ìdí ìkòkò lẹ̀ ń bó."

"Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò rárá."

"Ó mọ ohun tójú rẹ̀ rí."

Pak Kasno ń tẹ̀ lé wa láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Níbi tó bá ti ní ká dúró, a dúró. Díẹ̀díẹ̀, funfun yẹn ń lọ, àwọ̀ sánmà ń padà. Ìlà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló kọ̀ tí kò lọ tán. Bu Warsini fẹ́ tún gbìyànjú sí i, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó tó. Irin lo máa bá níbẹ̀."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó tún omi dà sí i, ó nù ún, ó sì so òdòdó melati tí à ń fi ṣe ìgbéyàwó mọ́ ọn. Ratri ti jókòó sẹ́yìn, ó ti múra tán. Pak Tugimin ń gbìyànjú láti fi òdòdó bo ìlà náà, Bu Warsini sì ń gbá a lọ́wọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó rọra bèèrè, bí ẹni tó ti mọ èsì.

"Ṣé ó ti mọ́?"

Pak Kasno bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa etí iná ọ̀tún, ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìka rẹ̀ bá ìlà náà, ó sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pak Tugimin sorí kodò.

"Ó ti mọ́," Pak Kasno wí.

Bu Warsini wò ó. "Ìlà yẹn ńkọ́?"

"Mo rí i. Ó ti mọ́."

Obìnrin náà dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Nígbà tó yá, ó ki àkísà náà bọ àpò Pak Tugimin, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wọnú ọkọ̀ lọ sídìí sítiárìn, ó sì ṣíná sí i.