Ohùn Tí Mo Fi Sí Obìnrin Yẹn Lẹ́nu

Ọdún tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ méjì péré ni mo ní: kí n máa retí èsì ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kí n sì máa jẹun. Ìkejì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí èsì jáde, ìyá mi tẹjú mọ́ fóònù mi títí, ó wá ní, “Ṣé ibi tó parí sí nìyí, àbí èyí tó kù ṣì ń bọ̀ lọ́nà?”

A ò ju mẹ́ta lọ nílé wa ní Trikania, ní Kàdúná: èmi, ìyá mi, àti ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọ Ìlọrin ni Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n Kàdúná ló ti lo ayé ẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó ní kí n bá òun gbé àpótí òun sọ̀ kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù. Mo gbé e, mo tún bá a nu eruku ẹ̀, ọmọ dáadáa. Àṣé ẹrù ló fẹ́ dì. Ó ní tó bá di Jímọ̀, Ìlọrin lòun ń lọ, òun ò sì ní padà.

“Kí la fi ṣẹ̀ yín?” ni ìyá mi bèèrè.

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Kàdúná ló sú mi.”

Lóòótọ́, ó ti ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bí oṣù mélòó kan. Kò lọ sí àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́, níbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti máa ń ṣàdúà. Tí a bá ń wo fíìmù, á dìde, á wọ yàrá lọ. Èmi rò pé èsì ìdánwò mi ló ń bà á nínú jẹ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn: tí òjò ò bá rọ̀ ní Barakallahu, lódìkejì ìlú, mo máa rò pé nítorí tèmi ni.

Mi ò fẹ́ kó lọ. Mo lè sọ pé ìfẹ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ túwó tó máa ń rò fún mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí n ṣe nǹkan tó máa dùn mọ́ ọn, bóyá á yí ọkàn padà. Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún mi, ẹnu mi ni mo yàn láti lò.

Nílùú wa, tí o bá ra fíìmù Íńdíà, Háúsá ni wàá gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ń fi ohùn ara ẹ̀ sọ ọ́: òun ni ọkọ, òun ni ìyàwó, òun náà ni ọlọ́pàá. Fàsárà là ń pè é. Mo ní màá ṣe ti Yorùbá fún Ìyá Àgbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mi ò gbọ́ èdè Íńdíà. Mo wá rí fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ kan lórí fóònù, dúdú àti funfun, láti ìgbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn rárá. Kai! Ẹnu lásán ni wọ́n ń là. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n kọ sáàárín ẹ̀, mo gé e dànù. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé mo túmọ̀ ẹ̀ sódì.

Mo ka ìtàn obìnrin tó ṣe olórí eré náà. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá ẹ̀ wá ń mú un kiri láti ìlú dé ìlú kó máa ṣeré orí ìtàgé, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Hollywood tí wọ́n dé nígbà yẹn, oko ọsàn àti eruku ni. Ó ń já bọ́ látorí ẹṣin fúnra ẹ̀, ó ń rì sínú omi tútù, wọ́n á máa pariwo sí i látẹ̀yìn kámẹ́rà pé kó sunkún, kó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń tò sínú òjò nítorí ojú ẹ̀. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí dátà mi fi tán.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú ooru Kàdúná, tí mò ń gba ohùn sílẹ̀. Ibì kan wà tí ọkọ ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò, ó ń sọ̀rọ̀, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ó ń rẹ́rìn-ín o, èmi ń bá a sunkún: “Olówó orí mi, má lọ! Ta ló máa bá mi jẹun?” Ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ọ̀sán Àlàmísì, tó ku ọ̀la, mo gbé e síwájú Ìyá Àgbà, mo so fóònù mọ́ sípíkà, mo yí i sókè dópin. Adìẹ tó wà lójú fèrèsé sá lọ. Ìyá Àgbà ò dìde. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó tẹjú mọ́ obìnrin yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe háà. Mo gbà pé ohùn mi ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń múra ìyìn sílẹ̀ nínú ọkàn mi nígbà tí eré dé ibi ọkọ àti àpò.

“Irọ́ lobìnrin yìí ń pa,” Ìyá Àgbà ní. “Kò gbọ́ nǹkan tí ọkọ ẹ̀ sọ. Wo bó ṣe ń mi orí. Ẹnu ọkùnrin yẹn ló ń wò, kì í ṣe ojú ẹ̀.”

Inú bí mi. Gbogbo òógùn tí mo la! Mo bọ́ síwájú ẹ̀. “Ìyá Àgbà, ó gbọ́ o! Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn tí mo fi sí i lẹ́nu ni?”

“Ohùn wo?”

Sípíkà náà ń gbọn tábìlì níwájú ẹ̀. Ewúrẹ́ mi ṣì ń ké nínú ẹ̀. Ìyá Àgbà ń wò mí, àmọ́ ẹnu mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi.

Mo na ọwọ́, mo pa á. Ó rí i pé mo ti mọ̀.

“Má sọ fún ìyá ẹ,” ó ní. “Sọ́ńdè kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní àsàlátù, mi ò gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo mi orí, bí mo ṣe máa ń ṣe. Àṣé òkú ni wọ́n ń kéde. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló kú. Ó ń wò mí, èmi ń rẹ́rìn-ín.”

Mo tú sípíkà kúrò lára fóònù.

Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ sí fóònù. “Obìnrin tó ń ṣeré yìí ńkọ́? Ibo ló parí sí?”

Mo sáré lọ ra dátà, mo ka ìyókù. Nígbà tí ohùn wọ inú fíìmù, wọ́n gbọ́ ti obìnrin náà, wọ́n ní kò dùn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di ẹrù ẹ̀, ó lọ sílùú tó jìnnà, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ lẹ́tà títí, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, wọn ò kọ lẹ́tà mọ́.

Ẹnu mi ti ń yún mi láti ṣe fàsárà sí ìyẹn náà. Mo lè ní ó bímọ mẹ́fà, ó sì kọ́lé alájà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ń wo ẹnu mi, òun nìkan ló fi lè mọ nǹkan tí mò ń sọ. Mo kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo rọra sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

“Ṣé wọ́n lé e ni?”

“Rárá. Òun ló lọ fúnra ẹ̀.”

“Kò sọ nǹkan tó ń ṣe é fún ẹnì kankan?”

“Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Haba,” ó ní.

Nígbà tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo pa ẹnu mi mọ́, nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìyá Àgbà ló pè é. “Wá jókòó síbí, lójú fèrèsé, kí n lè rí ẹnu ẹ.” Ó wá sọ ọ́ fún un, títí kan ti òkú. Ìyá mi di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó sunkún díẹ̀. Ó wá ní kí n fi fíìmù náà han òun.

Kò tíì gbọ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi di inú mú, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní, “Ìyá, nínú gbogbo nǹkan tí etí yín gbà lọ́wọ́ yín, ẹ má sunkún lórí eléyìí o.”

“Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?” Ìyá Àgbà bèèrè.

Ìyá mi yí ojú sí i, ó tún un sọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi ewúrẹ́ kún un. Ẹ̀rín Ìyá Àgbà pẹ́ kó tó dé, àmọ́ nígbà tó dé, ọwọ́ tó fi ń nu ojú ò tó.

Ní Jímọ̀, àpótí yẹn ṣì wà nílẹ̀, aṣọ ṣì wà nínú ẹ̀. Mo bèèrè bóyá kí n gbé e padà sókè. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ ná. Híjáàbù kan ṣoṣo ló yọ níbẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí àsàlátù. Ó ní kí n lọ̀ ọ́ de Sọ́ńdè, ilé ọ̀rẹ́ òun tọ́mọ ẹ̀ kú yẹn lòun máa kọ́kọ́ yà. Mo lọ̀ ọ́. Mo jó o díẹ̀ létí.