Ibi Tí Màámi Ń Jókòó Nínú Mọ́tò Mi

Ẹnu mi ló burú. Láti kékeré ni màámi ti mọ̀, òun ló sì máa ń sọ fún mi pé bí inú bá ń bí mi, kí n kọ́kọ́ mu omi kí n tó lanu. Mi ò mu omi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Bébà lẹrù mi, bébà sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Mọ́tò kékeré kan ni mo ní. Bí mo bá ti kó bébà sí bùútù, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n yọ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìn̄gì tó bá a wá, mo ra òmíràn tó nípọn dáadáa, irú èyí tó ní kókó kékeré kan lórí ṣọ́ọ̀kì, tí èèyàn lè yí kó le sí i tàbí kó rọ̀. Mẹkáníìkì mi ló bá mi dè é. Mo kó bébà sínú rẹ̀, mọ́tò dúró gbọn-in, kò tẹ̀ rárá. Àṣé mò ń ra ìyọnu sílé ni.

Nígbà yẹn, màámi ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ará etí òkun ni wá, ní ìhà Òǹdó lọ́hùn-ún, ẹja sì ni màámi fi tọ́ wa ní Bàrígà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń wà létí ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹja. Ibẹ̀ náà ló ti yọ̀ ṣubú lórí pákó tútù, tí egungun itan rẹ̀ fi ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i, wọ́n sì ní kó máa wá sí ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa bá a ká orúnkún ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n máa bá a nà án. Obìnrin tó ń bá a ṣe é kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá ń wá, ẹ máa rìn. Bí ẹ ò bá wá, orúnkún yìí á gan."

Màámi ní, "Màá wá. Ẹja ń dúró dè mí."

Ó yẹ kí n sọ ibi tó máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ tí mo ra mọ́tò yẹn, kí n tó fi gbé bébà kankan, màámi ni mo kọ́kọ́ fi gbé. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fún un, ibi tí àwọn èèyàn ńlá máa ń jókòó sí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́nàs kọ́nà. Mo ní, "Màmá, ibi tiyín rèé. Ẹnikẹ́ni ò ní jókòó síbẹ̀ mọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń wúre fún mi títí a fi yí Bàrígà po. Ta ló ń gbé ìyá rẹ̀ sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀, bí ẹni tó fẹ́ júwe ọ̀nà? Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé e sí, mo sì ń fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ sí Ìgbóbì, a ò tíì kúrò ní Abúlé Òkúta tó fi kígbe. Gálọ́ọ̀pù kékeré kan báyìí la bọ́ sí, kòtò ojú títì lásán. Bí a ṣe dé láti Ìgbóbì, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo gbà lọ.

Bàbá ará Ọ̀yọ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọṣẹ́, ẹ má tan ara yín jẹ. Ó ní, "Ọ̀gá mi, mọ́tò kì í kàn rọ̀ lásán. Kí lẹ fẹ́ máa fi gbé, kí n lè mọ ibi tí màá yí i dé?"

Mo ní, "Màámi ni o. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí kókó wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á sínú bó ṣe ń dún ká, ká, ká. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí ọkọ̀, mo jókòó tì í, a wà á dé Ọbáníkòró. Gbogbo gálọ́ọ̀pù tí a mọ̀ la gbà kọjá. Ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Àwa méjèèjì wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ò ní rọ." Ó ní àmín.

Nígbà tí mo tún gbé màámi, kò kígbe mọ́. Mo bi í pé, "Ṣé ó ti dára báyìí, Màmá?" Ó ní, "Ó dára." Nínú díńgí, gèlè rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo gbà á gbọ́.

A lọ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwáwí bẹ̀rẹ̀. Lónìí, orí ń fọ́ ọ. Lọ́la, òjò ń ṣú. Lọ́túnla, ará ilé wa kan fẹ́ wá kí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ti gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, mo ti pa iṣẹ́ oníṣẹ́ tì, ó jókòó sórí àga nínú ọgbà, ó ní òun ò lọ mọ́, ó ti sú òun.

Mo rántí ọ̀rọ̀ obìnrin Ìgbóbì yẹn, mo rí orúnkún tó ti gan, mo rí màámi tí a ń gbé ká inú ilé títí ayé. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ló gbẹnu mi jáde. Mo pariwo mọ́ ọn níṣojú àwọn ará ilé tó ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi: "Màmá, ọ̀lẹ lẹ wá dà báyìí!"

Obìnrin tó ń jí lọ sétí omi kí ẹyẹ tó ké ni mo pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó dìde, ó fọwọ́ ti ògiri, ó wọlé. Mi ò tọ̀ ọ́ lọ. Agídí ò jẹ́.

Nígbà tó tún tó bí ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé mọ́tò padà sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì. Mo ní kó bá mi yí gbogbo ẹ̀ kó le bíi ti tẹ́lẹ̀, torí bébà ló kù tí mo ń gbé. Ó ní òun máa kọ́kọ́ wà á wò kí òun tó fọwọ́ kàn án. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìjókòó iwájú, ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀, ó fẹ́ já a sọ́dọ̀ oníbàárà kan lójú ọ̀nà. Mo bá wọ ẹ̀yìn, mo jókòó síbi tí màámi máa ń jókòó sí. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ibẹ̀ fún un, èmi gan-an ò jókòó síbẹ̀ rí.

Bọ́ńpù kan péré la gùn. Iwájú gùn ún jẹ́ẹ́, ó sọ̀ jẹ́ẹ́. Àfi bí ẹ̀yìn ṣe gbé mi sókè, tó là mí mọ́lẹ̀, tó tún gbé mi kí n tó mí. Egungun ìdí mi ta. Mo di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ dúró! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. "Kí ló dé?"

"Ibí ni màámi máa ń jókòó sí."

Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀? Sípíríìn̄gì tó wà lábẹ́ yín yìí, ẹrù bébà ló ń dúró dè. Bí n bá yí ṣọ́ọ̀kì dé àárọ̀ ọ̀la, bí kò bá rí ẹrù, yóò máa ta èèyàn sókè ni. Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ̀yìn ni."

"Ẹ ò bi mí."

Ó ní, "Ta ló ń bèèrè ibi tí ìyá máa jókòó sí?" Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè sí wa. Èmi tí ara mi le, tí irin kan ò sí nítan mi, bọ́ńpù kan ni mo gùn tí mo kígbe. Màámi gùn ún lálọ àti lábọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì ní ó dára.

Mo sáré délé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yàrá rẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo jókòó síbẹ̀ lónìí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ìwọ lo fi ibẹ̀ fún mi. O ní ibi tèmi ni. Gbogbo àwọn tí a jọ ń ta ẹja ni mo ti sọ fún. Ṣé kí n wá máa wí pé ibẹ̀ ló fẹ́ pa mí?"

Ẹyin lohùn. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, ó ní ó ti tán, kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Bàbá mẹkáníìkì yọ sípíríìn̄gì ẹ̀yìn yẹn, ó dá ti àtijọ́ padà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń bá mi kó bébà báyìí. Iwájú ni màámi sì ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá di nǹkan mú. Lọ́jọ́ tí a padà dé Ìgbóbì, orúnkún náà kò ká dé ibi tó ń ká dé tẹ́lẹ̀. Obìnrin yẹn kò bá wa jà. Ó kàn bi wá pé ibo la lọ. Ọ̀pá ni màámi fi ń rìn nínú ọgbà báyìí, kò sì tíì fẹsẹ̀ kan etí ọ̀sà látìgbà náà. Àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wá bá a nílé.

A ṣì ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ lọ, á ti múra kí n tó jí, á ké sí mi láti yàrá rẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ọ̀lẹ ti wọṣọ tán o! Gbé mọ́tò jáde!" Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi á lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú.